Wàrà Tí A Sè Lẹ́ẹ̀mejì

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé ewúrẹ́ Ìyá Àgbà lè wo ojú mi láì gbé orí sókè, òórùn wàrà ló ń jí wa nílé wa ní Òkè Ògùn. Wàrà tí mò ń wí yìí, èyí tó dì ni o, kì í ṣe èyí tí à ń mu. Èyí tí à ń mu, mílíìkì ni màá máa pè é kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́ pọ̀. Bàbá àgbà mi ní màlúù mélòó kan lọ́dọ̀ àwọn Fúlàní ní gáà, àwọn ló ń bá a dà wọ́n. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìyàwó darandaran náà á ti gbé igbá mílíìkì sórí, á ti máa kí wa láti ẹnu ọ̀nà. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á wo inú igbá náà bí ẹni ń wo ojú ọmọ tuntun, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi kí màlúù wa náà kú iṣẹ́."

Iṣẹ́ tèmi ni láti já ewé bọmubọmu wá. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ̀ ọ́n, ewé tó nípọn bí etí màlúù, tí oje funfun ń dà lára rẹ̀ bí ẹ bá ti fọwọ́ kàn án. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi ọwọ́ yẹn kan ojú. Mo fi kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì fi odindi ọjọ́ méjì wo ayé bí ẹni tó ń yọjú láti inú kọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà á gún ewé náà, á sẹ́ oje rẹ̀ sínú mílíìkì díẹ̀, á wá dà á sínú ìkòkò ńlá tó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lórí iná. Á máa fi igi rò ó jẹ́jẹ́. Kì í sọ̀rọ̀ ní àkókò yẹn. Ẹni tó bá kí i, orí ló fi ń dáhùn. Nígbà tó bá yá, mílíìkì á pín sí méjì bí ẹbí tó jà: funfun á kó ara rẹ̀ jọ, omi á dá dúró. Á bu funfun náà sínú àwọn agbọ̀n kékeré, omi á sì máa kán tó, tó, tó sínú agbada nísàlẹ̀. Wàrà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dín nínú òróró, tí ara rẹ̀ pọ́n, tó ń dún kẹ́kẹ́ lábẹ́ eyín! Àwa ọmọdé a máa jà nítorí èérún rẹ̀ tó bá kù nídìí agbada dídín.

Omi tó kán sílẹ̀ yẹn ní òfin tirẹ̀. Ìyá Àgbà á bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sí ìkòkò kan, kí wàrà máa léfòó nínú rẹ̀ títí di ọjọ́ ọjà. Gbogbo ìyókù, ti àwọn ewúrẹ́ ni. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn kí wọ́n tó bí mi, ẹnikẹ́ni kì í sì í bi ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ kan wá wà tí Ìyá Àgbà lọ kí ẹni tí òfò ṣẹ̀ ní abúlé kejì. Màá tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó ti ṣe wàrà tán kó tó jáde, ó ní kí n kó àwọn agbọ̀n wọlé bí omi wọn bá ti gbẹ, kí n sì gbé omi fún ewúrẹ́. Mo kó agbọ̀n wọlé. Mo gbé agbada omi. Ibi tí mo ti ń gbé e lọ ni mo ti wo inú rẹ̀, ni mo bá dúró. Omi náà kò mọ́ gaara, ó ṣì rú díẹ̀. Mo tọ́ ọ wò, ó ṣe mí bí ẹni pé adùn kan wà níbẹ̀. Ọkàn mi wá wí pé bí omi yìí bá ṣì dùn, a jẹ́ pé wàrà kan ṣì sá pamọ́ sínú rẹ̀. Ìyá Àgbà ò ṣáà rí i ni. Èmi Àbẹ̀kẹ́, èmi ni màá wá a jáde!

Mo dá iná. Mo kó igi tí wọ́n fẹ́ fi se oúnjẹ alẹ́, mo kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ìkòkò. Omi náà gbóná, ó ń rú èéfín, kò sí nǹkan tó jáde. Mo wá rántí pé bí a bá da mílíìkì sínú ẹ̀kọ mímu tó ti kan, ó máa ń ṣù pọ̀ gẹ́lẹ́gẹ́lẹ́. Mo lọ bu omi orí ògì tó kan dáadáa, mo dà á sí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ! Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n. Inú mi dùn débi pé mo jó yí ìdí ààrò ká. Ṣùgbọ́n ojú agbọ̀n ti tóbi jù fún un, ńṣe ni yóò jò dànù. Mo wò yíká, mo rí gèlè funfun Ìyá Àgbà tó ń gbẹ lórí okùn, èyí tí wọ́n ń wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ má bínú sí mi. Òun ló súnmọ́ jù.

Ohun tí mo rí nínú gèlè náà kò ju ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta lọ. Mo ju ọ̀kan sẹ́nu. Kò dún kẹ́kẹ́ bíi wàrà, kò le, kò níyọ̀. Ó rọ̀ bí inú àgbọn tí kò tíì gbó, ó sì dùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi nǹkan dídùn sí i. Mo fi ẹ̀kúnwọ́ méjì tó kù pamọ́ fún Ìyá Àgbà sínú àwo.

Àwọn ewúrẹ́ ló tú àṣírí mi. Ìgbà tí Ìyá Àgbà ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, láti orí ọ̀nà odò ló ti ń gbọ́ wọn. Wọ́n ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Ó bọ́ sí ọgbà, ó ní, "Ta ló fi ebi pa ẹran mi?" Ó wo ibi tí igi wà, kò sí igi. Ó wo orí okùn, kò sí gèlè. Kò pariwo rárá. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Mo sáré gbé àwo wá, mo kúnlẹ̀. "Ìyá Àgbà, ẹ tọ́ ọ wò, wàrà ló kù nínú omi yẹn."

"Kí n tọ́ kí ni wò? Ohun tí iná ti fi sílẹ̀, ìwọ lo tún lọ ń bá a bẹ iná?" Ó gba àwo náà, ó dà á sílẹ̀ fún adìẹ. "Ẹ̀ẹ̀kan ni obìnrin tó mọ oúnjẹ sè ń sè é. Fi ìka kanlẹ̀ níbẹ̀ yẹn."

Ẹ̀yin tí ẹ bá jẹ ìyà yẹn rí mọ̀ ọ́n: ìka kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè, ẹ̀jẹ̀ á máa ya wọ orí. Ibi tí mo ti ń gbọ̀n bí ewé ni mo ti ń wo àwọn adìẹ. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún ń ṣá ilẹ̀ ibẹ̀ wò.

Ìyà ọjọ́ yẹn tán lọ́jọ́ yẹn, orúkọ tó mú wá ni kò tán. Ẹ mọ àṣà wa pé ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nínú ilé lórúkọ, ì báà jẹ́ pé ọmọ náà ṣì ń rákò. Orúkọ mìíràn ló máa wá fún un. Ìyàwó kékeré ilé wa, aya àbúrò bàbá mi, Eyínfúnjowó ló ń pè mí tẹ́lẹ̀, inú mi sì máa ń dùn sí i. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di Atúnsè. "Atúnsè, ṣé omi wà nínú àmù?" "Atúnsè, ọbẹ̀ àná ní kí n kí ọ o!" Àwọn ìyàwó yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀, àwọn ọmọdé gbà á lẹ́nu àwọn ìyàwó. Mo sunkún títí, ó sú mi. Ó wọ̀ mí lára débi pé nígbà tí mo délé ọkọ, bí ọbẹ̀ bá ṣẹ́kù, mo máa ń wo ọ̀tún wo òsì kí n tó gbé e padà sórí iná. Omi wàrà ní tirẹ̀, mi ò tún gbé e kaná mọ́ láyé mi. Bó bá ti kán tán, mo dà á nù.

Ẹ wá bá mi ká lọ sí Houston. Àwọn ọdún 1980 ni, ìgbà tí iṣẹ́ epo rọ̀bì dojú dé níbẹ̀, tí àwọn èèyàn ń kó ẹrù jáde nínú apátímẹ́ǹtì lójoojúmọ́. Bísí àkọ́bí mi bímọ obìnrin, mo sì wá bá a tọ́jú ọmọ. Ọkọ rẹ̀, tí ìwé gbé débẹ̀, ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ epo ní Baytown. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ kó tó bọ́ sí ojú ọ̀nà ńlá tí wọ́n ń pè ní fíríìwéè. Bísí ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ọmọ dàgbà díẹ̀, wọ́n mú un lọ sí dékíà, ilé ìtọ́jú ọmọ, ó wá ku èmi nìkan nílé. Oòrùn ibẹ̀ ń jó bíi ti ilé, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í jókòó síta kí o lè bá a tàkúrọ̀sọ. Mo gbá ilẹ̀ tí kò dọ̀tí. Mo ń bá fíríìjì sọ̀rọ̀, fíríìjì ń kùn lé mi lórí.

Mo sọ fún Bísí pé, "Ọwọ́ mi ti fẹ́ kú. Bí mi ò bá rí nǹkan fi í ṣe, ẹ dá mi padà sílé."

Ó wò mí, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Màmá, bí ẹ bá lọ, ta ló máa bá ọmọ yìí sọ Yorùbá?"

Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn bí ojú. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́, tí wọ́n wá ní kó máa jókòó, ẹ mọ̀ bó ṣe ń rí.

Òórùn ló mú mi dé ibi tí mo dé. Lẹ́yìn apátímẹ́ǹtì wa, bí ẹ bá ti ré pápá ìgbọ́kọ̀sí kọjá, ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù kan wà níbẹ̀. Mò ń kọjá lọ́jọ́ kan ni imú mi gbọ́ mílíìkì lórí iná. Ní Amẹ́ríkà! Mo dúró gbagidi. Ní ọjọ́ kejì mo tún lọ dúró. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá arúgbó kan tó wọ dúdú látòkè délẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ pè mí wọlé síbi tí wọ́n ti ń ṣe wàrà tà. Ìyá Ítálì ni, láti erékùṣù kan tí wọ́n ń pè ní Sísílì, opó bíi tèmi, ó sì jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Màmá Lína ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì tiwọn kò ju tèmi lọ, ìyẹn ló jẹ́ ká gbọ́ ara wa yé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, ó yà wọ́n lẹ́nu, àwọn náà fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún wọn ò gbà. A rẹ́rìn-ín. Kó tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ti ń bá wọn fọ ìkòkò ní ọ̀sọ̀ọ̀sán, "Sísítà" sì ni wọ́n ń pè mí. Bísí wò mí ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, ó ní, "Màmá, ẹ tún ti ń kọrin."

Tereza ọmọbìnrin wọn ló ń tajà níwájú. Òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yékéyéké, á máa ṣàlàyé fún mi díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. Èmi tí mi ò mọ̀wé, mi ò lè ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wàrà wọn, nítorí náà mo máa ń béèrè pé, kí ni ìtumọ̀ orúkọ eléyìí? Ọ̀kan wà tí wọ́n so ní méjì-méjì tí wọ́n fi kọ́ orí igi, ikùn kan níhìn-ín, ikùn kan lọ́hùn-ún. Tereza ní ẹṣin wà nínú orúkọ rẹ̀, torí ó dà bí ẹni tó gun ẹṣin. Ó ní àwọn kan ń jiyàn pé ìtàn orúkọ náà kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti ìyá òun nìyẹn. Òmíràn, mọsarẹ́là, gígé ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, torí wọ́n máa ń na án bí ẹni na ẹ̀wù tútù, wọ́n á wá fi àtàǹpàkò àti ìka gé e bọ́. Mo ní, "Ẹ̀yin náà ń ṣe bíi tiwa! Ẹ máa ń wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i kí ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ."

Ọ̀kan wà nínú ike funfun lẹ́yìn tí mi ò tíì béèrè tirẹ̀. Òwúrọ̀ kùtù ni wọ́n ń ṣe é, kí n tó dé.

Ó wá ku ọ̀la tí wọ́n fẹ́ ṣe àjọ̀dún Jósẹ́fù mímọ́. Àwọn ará Sísílì ń tẹ́ tábìlì oúnjẹ lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá sì wọlé á jẹun. Ìpápánu kan wà tó ń ró wọ̀mù lẹ́nu, wọ́n á ká a bí ẹní, wọ́n á ki nǹkan funfun kan sí i nínú. Ìdílé mélòó kan ló gbójú lé Màmá Lína fún nǹkan funfun yẹn. Mílíìkì pẹ́ dé lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo dé ní ọ̀sán, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu wàrà kúrò ni, wọ́n sì ti lọ na ẹ̀yìn díẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn. Ìkòkò ńlá méjì wà nílẹ̀, omi wàrà kún wọn dé ọrùn.

Mo ní, wò ó, màmá yìí ti rẹ̀. Kí wọ́n jí kí wọ́n bá ibi mímọ́. Kò kúkú sí ewúrẹ́ ní Houston. Mo gbé ìkòkò kìíní, mo dà á sójú síńkì. Mo gbé ìkejì, mo dà á. Mo fi ìyẹ̀fun ọṣẹ inú páálí bó wọn títí ojú mi fi hàn nínú wọn bíi dígí.

Màmá Lína jáde. Wọ́n ṣí ìkòkò kìíní. Wọ́n ṣí ìkejì. Igbe tí wọ́n ké, àwọn tó ń ra ọjà níwájú sá wọlé wá wò wá. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, wọ́n ń sọ èdè wọn bí òjò. Wọ́n wá sí ẹ̀yìn mi, wọ́n tú okùn épúróònù kúrò lára mi.

Tereza ò lè wò mí lójú. Ó ní, "Màmá ní kí ẹ máa lọ sílé. Wọ́n ní kí ẹ má wá mọ́."

Fíríìjì yẹn ni mo rí lójú inú mi, àti àpótí ẹrù mi nídìí bẹ́ẹ̀dì, àti ọmọ ọmọ mi tí yóò máa fi Gẹ̀ẹ́sì kí mi lórí tẹlifóònù. Mo ní, "Tereza, jọ̀ọ́, kí ni mo dà nù? Omi lásán kọ́ ni?"

"Ríkótà ni," ó ní. "Inú omi yẹn la ti ń rí i. A máa ń gbé e padà sórí iná. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn: èyí tí wọ́n tún sè."

"Kí lẹ wí?"

"Èyí tí wọ́n tún sè. Iná ẹlẹ́ẹ̀kejì."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rín gbé mi. Èmi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di tábìlì mú, omi ń dà lójú mi. Tereza rò pé orí mi ti yí. Mo wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí màá fi ṣàlàyé, mi ò rí i. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín kíṣíìnì, mo fi ìka kan kanlẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ kan sókè, èmi tí mo ti di ìyá àgbà. Mo tọ́ka sí ìkòkò, mo fi ọwọ́ ṣe iná, mo fi ọwọ́ ṣe ọmọ kékeré, mo ní, "Me, small! Cook two time! Grandma beat!"

Màmá Lína yíjú sí Tereza. Wọ́n bi ọmọ wọn pé kí ni mo wí, ó sọ fún wọn. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, Tereza ń túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní bàbá àwọn ń da àgùntàn fún olówó kan lórí òkè. Gbogbo wàrà iná kìíní, ti olówó ni. Omi tó kù nìkan ni ti darandaran. Bàbá àwọn á gbé e padà sórí iná, á fi nǹkan kíkan díẹ̀ sí i, àwọn ọmọ á tò yí ìkòkò ká pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, wọ́n á máa wò ó títí yóò fi yọ. Wọ́n ní ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kì í ṣe olówó, torí olówó kò sí níbẹ̀ nígbà tó ń yọ. Ẹni tó tún dá iná ló sọ ọ́ lórúkọ.

Wọ́n wá na ìka ọwọ́ wọn sí mi, gbogbo oríkèé rẹ̀ ti wú. Wọ́n ní àwọn ò lè ṣe ìkejì lọ́jọ́ kan náà.

Mo ní, "Màmá, èmi á ṣe é."

Wọ́n bá Tereza sọ̀rọ̀, ọkọ rẹ̀ sì wọ ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà Humble lọ gba mílíìkì ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń sin màlúù níbẹ̀. Nígbà tó dé, mo ṣe wàrà àkọ́kọ́ bí wọ́n ti ń tọ́ mi sọ́nà, mo bù ú kúrò, mo gbé omi náà padà sórí iná. Ẹ rántí pé nǹkan tí mo sá fún ogójì ọdún ni. Màmá Lína ká apá mọ́ àyà lórí àga. Mo da ọtí kíkan sí i, mo gbé igi láti rò ó bíi ti Ìyá Àgbà, pà! Wọ́n ti fi ṣíbí gbá mi lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kì í rò ó. Èèyàn á dá ọwọ́ dúró ni, á sì máa wò ó.

A dá ọwọ́ dúró. Kò sí nǹkan. Tereza wo aago. Kò sí nǹkan síbẹ̀. Mo ní nínú mi pé, Olúwa, má jẹ́ kí n padà sílé nítorí omi. Nígbà náà ni ẹyọ kan yọ, ó funfun, kò tó èékánná. Òmíràn tẹ̀ lé e. Gbogbo ojú ìkòkò wá kún bí ojú ọ̀run ìgbà ọyẹ́. Màmá Lína dìde, wọ́n bù ú pẹ̀lú ṣíbí oníhò, wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, wọ́n sì kọ́kọ́ ki í sí mi lẹ́nu kí wọ́n tó tọ́ ọ wò. Òun náà ni! Mo tún padà di ọmọ ọdún mẹ́jọ. Wọ́n gbé épúróònù, wọ́n so ó mọ́ mi lẹ́yìn, wọ́n so ó le.

Lọ́jọ́ kejì, tábìlì Jósẹ́fù kò ṣàìní nǹkan kan. Láti ìgbà náà, ìkòkò iná kejì di tèmi, òwúrọ̀ ni mo sì ń lọ. Mo ń padà délé nígbà tí ọmọ bá ń bọ̀ láti dékíà, mo ń bá a sọ Yorùbá títí oorun yóò fi gbé e. Bísí kó àpótí ẹrù mi kúrò nídìí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Nígbà yẹn, àwa tí a ò mọ̀wé, inú kásẹ́ẹ̀tì la ti ń sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sílé. Mo gba gbogbo ìtàn náà sínú kásẹ́ẹ̀tì kan. Ìyá Àgbà ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ìyàwó kékeré ṣì wà, òun náà ti di ìyá àgbà. Kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ dé lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́ta. Ẹ̀rín ló kún ojú kìíní rẹ̀. Ó wá ní, "Atúnsè, a gbọ́ o. A ò mọ̀ pé òyìnbó ń bọ̀ wá sọ wàrà wọn lórúkọ rẹ. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, gèlè ta lo fi sẹ́ tiwọn?"

Ayé ti yí padà báyìí. Ríkótà wà nínú ike ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù láti Pearland títí dé Humble. Àwọn ọmọ wa ń jẹ ẹ́, wọn ò sì bi ara wọn pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láyé ìgbà náà, igi ìdáná ṣọ̀wọ́n, omi jìnnà, àgbà kò lè fàyè sílẹ̀ kí ọmọdé máa dán nǹkan wò. Mi ò bínú sí Ìyá Àgbà. Ó fi ohun tó ní tọ́ wa, a sì là á já. Lónìí, ẹ̀ẹ̀kan lẹ yí bọ́tìnnì tí iná ti tàn, ẹnikẹ́ni ò sì ní kí ọmọ fi ìka kanlẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ní àyè láti ṣe àṣìṣe tí àwa ò ní. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń lò ó dáadáa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń se ẹ̀gúsí ní kíṣíìnì Fọlákẹ́, ọmọ ọmọ mi tí mo wá tọ́jú nígbà náà, òun náà ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún méje, dúró tì mí. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti da odindi ife yógọ́ọ̀tì sínú ọbẹ̀. Fọlákẹ́ lọgun, ó na ọwọ́ láti gbé ìkòkò kúrò lórí iná.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Fi sílẹ̀. Jẹ́ kó hó ná."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró yí ìkòkò ká, à ń wò ó.